Oníbodè Tó Padà Wá Rán Bàtà

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Dókítà ojú ní kò sí ohun tó kù tí òun lè ṣe. Dókítà ọkàn ní oṣù méjì ló kù fún Bàbá, bí ó bá pẹ́. Mo bi í pé oṣù méjì láti ìgbà wo, ṣé láti òní ni àbí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó yẹ Bàbá wò. Ó kàn ń wò mí. Ìbéèrè gidi ni mo bi í.

Mo ti kó ẹrù mi wá sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìdìwé níbi tó ti máa ń rán ìwé pọ̀. Mo sọ fún igbákejì mi ní ilé ìkẹ́rùsí pé aago mẹ́wàá ni n ó máa dé, aago mẹ́rin ni n ó sì máa lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, mà?" Mo ní èmi ni.

Mo bi Bàbá pé kí ló fẹ́ ká fi àkókò yìí ṣe. Mo ti ro ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Kò mú ọ̀kankan níbẹ̀. Ó ní kí n máa kàwé fún òun.

"Ìwé wo?"

"Mẹ́ta ló kù lórí pẹpẹ tí mi ò tíì kà. O ò ní fẹ́ràn wọn, Máníjà."

Mo mọ irú ìwé tó ń sọ. Iwin, àǹjọ̀nú, ẹranko abìyẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé àkókò ló ń fi wọ́n pa. Mo ka iye ojú-ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pín in sí ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Mo lẹ ètò náà mọ́ ògiri, mo wá rántí pé kò lè rí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

A bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Ilé Ẹlẹ́nu. Ìdílé kan kó sínú ilé kan, ilé náà sì ń jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan wọ ilé ìwẹ̀, kò jáde mọ́. Wọ́n sunkún, wọ́n jẹun, wọ́n sì tún sun ibẹ̀.

Mo gbé ìwé sílẹ̀. "Bàbá, kí ló dé tí wọn ò kó jáde?"

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló yẹ kó tètè kó."

"Ẹ̀rù ò tíì bà ọ́ rí ni," ó ní. "Máa kà á lọ."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Lọ́rì méjì ò dé. Ojú-ewé ọgbọ̀n.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ilé Ẹlẹ́nu parí lónìí, ọjọ́ kan ṣáájú ètò.

Bàbá ní kí n gbé rẹ́jísítà wá. Láti ogójì ọdún, gbogbo ìwé tó bá kà tán ló máa ń kọ síbẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́, àti ìdájọ́. Gbólóhùn kan ni ìdájọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdájọ́ òdodo sì ni. Mi ò ṣí i wò rí. Mo jókòó tì í, mo ń ka àwọn ti àtijọ́ sókè.

"Iwin inú ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ẹni tó kọ èyí kò wọ igbó rí."

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò gbà pé ó burú tó bẹ́ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá fi yọjú. Mo wá dé ọdún tí Màmá kú. Ìwé kan ṣoṣo ló kà ní gbogbo oṣù yẹn. Ohun tó kọ síwájú rẹ̀ ni: "Èmi ni mi ò dáa, kì í ṣe ìwé náà." Mi ò ka ìyẹn sókè.

Ó ní kí n kọ ti òní sílẹ̀: "Ilé yìí gbọ́n ju gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ." Ó wá ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Àìbójútó ni. Ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo fún èèyàn méje."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nọ́ọ̀sì bá mi wí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilé ìwẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní ilé ìkẹ́rùsí, mi ò lè dá wọ ibẹ̀ lónìí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo inú, mo lọ lo ti àwọn awakọ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìwé kejì kò dáa. Ọba mọ́kànlá ń jà lórí ìtẹ́ kan, wọ́n sì ní ọ̀ọ́dúnrún ejò abìyẹ́ tí ọmọ ogun ń gùn. Mo ti ka igba ojú-ewé. Wọn ò tíì sọ ibi kankan tí ejò wọ̀nyẹn ti ń jẹun. Ọ̀ọ́dúnrún. Ta ló ń kó oúnjẹ wọn, níbo ló ń kó o sí?

"Ẹni tó kọ ọ́ ò rántí," Bàbá ní.

"Ẹni tí kò rántí oúnjẹ ò yẹ kó kó ogun jọ."

"Lẹ́tà ni kó o kọ sí i."

Kò jẹun tán lónìí. Omi ọbẹ̀ díẹ̀ ló mu.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìwé kejì parí. Ìdájọ́ Bàbá: "Ọba mọ́kànlá, kò sí ọ̀kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò lè jókòó fúnra rẹ̀ mọ́, ìrọ̀rí mẹ́ta la fi gbé e dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìkẹta ni Oníbodè. Ọ̀tọ̀ ni bí eléyìí ṣe jẹ́. Kò jáde bí ìwé odidi. Oṣooṣù ni wọ́n ń tẹ ìpín kan jáde fún ọdún méjì, ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé mẹ́rìndínlógún, orí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń rà á, kò sì ka ọ̀kankan, torí kì í ka ohun tí kò tíì dì. Nígbà tí ìpín mẹ́rìnlélógún pé, ó ya èèpo wọn tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ kúrò, ó rán wọn pọ̀, ó fi páálí àti aṣọ pupa bò wọ́n. Ìyẹn jẹ́ ọdún tó kọjá. Òun ni ìwé tó dì gbẹ̀yìn. Ó ku kó kà á, ojú sì lọ.

Mo gbé e lé e lọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ títí.

Ìlú kan ni, ó ní ibodè kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn Aláìlójú á wá síta ibodè, wọ́n á máa fi ohùn èèyàn rẹ pè ọ́. Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ọ, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ kúrò nílùú, ó sì ń sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀ lójú lójoojúmọ́. Bàbá ní, "Mo mọ ọmọ yẹn."

Mo ṣí ojú-ewé tó kàn.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Oníbodè kú lónìí. Àwọn Aláìlójú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ibodè, ó wá jáde sí wọn, ó ti ilẹ̀kùn pa láti ìta, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú ìlú lórí odi. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì mọ̀ bóyá òun ni tàbí àwọn ni. Mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo mu omi.

Orí tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ mọ́, bàbá arúgbó náà ló jókòó sórí àpótí ní yàrá ìdáná. Ó ń rán bàtà ọmọ rẹ̀. Ó ní omi gbígbóná rẹ̀ ti tutù. Ọmọ ní kò tutù. Wọ́n ń jiyàn lórí omi. Wọn ò mẹ́nu kan ikú. Ó rán bàtà tán, ó fi eyín já òwú, ó ní, "Bí mo bá lọ, má ṣí i," ó sì dìde.

Mo dúró. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹni tó kú ni?"

"Òun náà ni. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe padà wá?"

"Kò sọ. Kò yẹ kó sọ." Omi wà lójú rẹ̀, ojú tí kò ríran yẹn. "Ọmọ náà ò pariwo. Ó rí i, ó sì ń bá a jiyàn. Ẹni tó kọ èyí láyà."

Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nínú irú ìwé báyìí nìyẹn. Àwọn òkú ń wọlé, wọ́n ń jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

A parí Oníbodè. Ètò mi bọ́ sí i lọ́jọ́ tó yẹ gan-an. Ọmọ náà ló di oníbodè níkẹyìn.

Ìdájọ́ Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló pè é, mo kọ ọ́: "Nínú ìwé ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá, èyí nìkan ló mú òkú padà wá lọ́nà tí n ó fi gbà á." Ó ní kí n fà á nílà lábẹ́. Kò sí òmíràn tó ní ìlà lábẹ́ nínú rẹ́jísítà yẹn.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Nọ́ọ̀sì da tíì sí Oníbodè lára. Mo ṣí i gbayawu kó lè gbẹ, mo fi ike kan fẹ́ atẹ́gùn sí àárín rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé àkọ́kọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan, inú lọ́hùn-ún níbi tí òwú wà, nọ́ńbà kan wà, kò tó hóró ìrẹsì. Mo wò wọ́n lọ. Mọ́kànlá. Méjìlá. Mẹ́tàlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìnlá. Mẹ́rìndínlógún.

Mo tún wò ó.

Oníbodè kò padà wá. Àárọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ló rán bàtà yẹn. Bàbá ló dì í ṣì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mi ò sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ní kí n tún ka ibi tó ti padà wá. Mo kà á. Ó ń mi orí. Mo ti lé òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ayé mi nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹrù ti bàjẹ́, wọn ò sọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì wẹ̀ ẹ́ tán, mo jókòó, mo ní, "Bàbá, ìpín kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti gba ipò ara wọn nínú Oníbodè. Kò padà wá."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù.

"Ọjọ́ wo lo rí i?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Òní ńkọ́?"

"Ẹtì."

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò yọrí. "Ogójì ọdún. Mi ò di ìpín kan ṣì rí. Ojú ti ń lọ nígbà yẹn, mi ò sì sọ fún ọ. Àwa méjèèjì ni."

Mo ní kò burú, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

"Rẹ́jísítà mọ̀. Gbé e wá. Fagi lé ìdájọ́ yẹn. Ìwé tí kò sí ni mo yìn."

Mo fagi lé e. Ìlà tí mo fà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ṣì hàn.

"Ọ̀la, tú u," ó ní. "Wàá tún un rán. A ó kà á bó ṣe yẹ, n ó sì wá dájọ́ gidi."

Ì bá ṣe pé mi ò sọ ọ́. Ó ti hàn lójú rẹ̀ pé wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì gbà á.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo ní kí n yọ ìpín méjì yẹn nìkan, kí n pààrọ̀ wọn. Kò ṣeé ṣe. Òwú kan náà ló gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí o bá já a níbì kan, gbogbo rẹ̀ tú. Mo gbé tábìlì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Òun ń sọ, èmi ń ṣe.

"Má fà á."

"Mi ò fà á, Bàbá."

"Mo gbọ́ ọ."

Wákàtí mẹ́ta. Mo ti tú ọkọ̀ ẹrù tó ga ju ilé lọ láàárín wákàtí méjì rí.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀rẹ́ Bàbá wá, adìwé bíi tirẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo rán ìpín mẹ́wàá, ó ní kí n tú mẹ́rin nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọwọ́ ẹ dáa," ó ní. "Ọkàn ẹ ni kò jókòó."

Bàbá gbóhùn láti orí ibùsùn: "Ọkàn yẹn ò jókòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ìṣirò ló lọ kọ́ ní yunifásítì, kí ó má baà jókòó."

Mo rán an tán nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Díẹ̀díẹ̀ fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pákó méjì há a, ó gbé irin lé e.

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Nínú òjò yìí, márùn-ún."

Mo ní mo lè gbé fáànù sí i. Mo ní mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun. Àwọn méjèèjì ṣe bí ẹni gbọ́ ìsọkúsọ.

"Máníjà," Bàbá ní, "ṣé o fẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ ya ni?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kò tíì gbẹ. Dókítà ọkàn wá sílé. Kò pe oṣù mọ́. Ó ní ká máa wò ó.

Kò sí ìwé láti kà, a kàn jókòó. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí fún un. Ó rẹ́rìn-ín láìwúkọ́, ó ní kí n ṣèlérí pé n ó dá wọ ibẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Mo wá bi í nípa ìdájọ́ ọdún tí Màmá kú.

"O rí i," ó ní.

"Mo rí i."

"Ìwé iwin ni. Ìyàwó ọkùnrin kan kú, ó ń padà wá ká a mọ́lé. Gbogbo ìwé náà, ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yẹn. Ó ń ti ilẹ̀kùn." Ó sinmi kó lè mí. "Èmi ń ṣí tèmi sílẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣì rọ̀. Òjò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó gbẹ. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó wọ́ díẹ̀."

"Níbo?"

"Níbi tí o ti ń kánjú." Ó ṣì dì í mú. "Ìwé ni. Iṣẹ́ ẹ dáa."

Ìpín mẹ́ta lónìí. Mẹ́ta lóòjọ́, a ó parí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ kí n máa bá a lọ, ó máa ń gbé ìka kan sókè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìpín kẹtàlá, ìkẹrìnlá. Bàbá arúgbó jókòó sórí àpótí, ó ń rán bàtà, omi gbígbóná rẹ̀ ti tutù. Báyìí ó wà níbi tó yẹ. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ọjọ́ ìkẹyìn nìyẹn, ìyẹn ló ṣe ń bá a jiyàn. Mo ṣì ń kà á nígbà tí mo rí i pé àwọn méjèèjì ń ṣe ohun kan náà, bí ó ti kú o, bí kò tíì kú o. Wọ́n ń jiyàn lórí omi.

Mo ṣí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kò gbé ìka.

"Ó ku ọ̀kan lónìí, Bàbá. Bí a ò bá kà á, a ó wà lẹ́yìn."

"Jẹ́ kó rán bàtà tán."

"Ó ti rán an tán."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ìgbà tó fi eyín já òwú, Bàbá ti sùn. Mo fi òwú pupa sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún kí a lè mọ ibi tí a dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàbá kú láàárọ̀ yìí, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A sin ín lánàá. Mo ṣètò gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó pẹ́. Àwọn èèyàn ń yìn mí nítorí ìyẹn.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo dá wọ ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Kò jẹ mí. Nígbà tí mo jáde, igbákejì mi ní ojú mi wú, ṣé kí òun pe ẹnì kan. Mo ní kó pe àwọn tí lọ́rì wọn ò tíì dé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Díẹ̀díẹ̀ wá kó àwọn irin àti abẹ́rẹ́ tí Bàbá ní kí n fún un. Mo bá a dì wọ́n. Mo mú abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀, ó rí i, ó sì ń di èyí tó kù lọ.

Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, orúkọ ìwé wà níbẹ̀, ìdájọ́ tí mo fagi lé wà níbẹ̀, àyè òfìfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bi Díẹ̀díẹ̀ pé kí ni mo lè kọ síbẹ̀, nígbà tí Bàbá kò kà á dé òpin bó ṣe yẹ.

"Ìwọ lo kà á," ó ní. "Kà á tán, kó o dájọ́."

"Lónìí ni mo fẹ́ kọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé lónìí lo fẹ́ kọ ọ́."

Nígbà tó lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbi tí mo máa ń jókòó sí. Wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ òwú pupa, mo ka ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún sókè, ketekete, bí mo ṣe máa ń kà á fún un. Oníbodè jáde. Ó ti ilẹ̀kùn pa láti ìta. Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sínú ìlú. Ọmọ rẹ̀ fi etí ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn, kò sì ṣí i.

Ìkẹrìndínlógún ló kàn. Mo ti di ojú-ewé mú láti ṣí i.

Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ilẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àpótí ní yàrá ìdáná, bàtà mi wà lórí orúnkún rẹ̀. Bàtà ọmọ náà ni mo fẹ́ kọ. Ó ní omi ti tutù. Mo ka ohùn rẹ̀, mo ka ohùn ọmọ, mo ń bá a jiyàn títí ó fi rán an tán.

Mo gbé rẹ́jísítà, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí mo fagi lé, gbólóhùn kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Bí Bàbá ṣe dì í ló dáa jù."

Mo fà á nílà. Lẹ́yìn náà mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìdìwé sílẹ̀ gbayawu, mo lọ gbé omi kaná.